Èsì fún ẹni tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ka ìwé mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ ṣe olórí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà níbi iṣẹ́ yín, o wá ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ dárúkọ ìwé tó là wọ́n lójú nídìí iṣẹ́ àti nínú ayé wọn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà sílẹ̀, o sì fẹ́ mọ èyí tí o máa kọ́kọ́ kà. Good to Great ló ṣáájú, The Mythical Man-Month wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa tó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún oníbàárà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú wa. Iṣẹ́ náà ló tóbi ju bí àwọn ọ̀gá ṣe rò ó lọ. Dípò kí wọ́n bi àwa tí a wà nídìí ẹ̀ léèrè, wọ́n lọ gba kọ́nsọ́tántì kan wá. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò kọ sọ́fítíwíà rí, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ dùn. Ó há Good to Great, ìwé tí Jim Collins kọ lọ́dún 2001, fún gbogbo wa. Ó ní orí kan lọ́sẹ̀, ká sì máa wá ròyìn ohun tí a kà ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ń fún wa ní máàkì! Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń kó máàkì yẹn sínú fáìlì wa.

Wò ó ná. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá 11 ni ìwé yẹn dá lé lórí, bí wọ́n ṣe kúrò ní ipò tí kò burú, tí wọ́n wá di àwòkọ́ṣe. Àwa jẹ́ èèyàn péréte tí iṣẹ́ kan há mọ́ lọ́rùn. Àárọ̀ tó yẹ ká fi wá ibi tí nǹkan ti ń bà jẹ́, ìwà ọ̀gá àgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ la fi ń ṣàlàyé. Alẹ́ ni mo máa ń padà sídìí iṣẹ́ gan-an. Ojú ń ta mí, oorun ò tó, ẹni tó bá pè mí nínú ilé, ohùn líle ni mo fi ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo wá béèrè pé kí la máa fi orí tí a kà lọ́sẹ̀ yẹn ṣe sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè mi fi hàn pé mi ò fẹ́ kí ojú mi là. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àfìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ mi lọ́dún yẹn tí mo bá gbólóhùn yẹn níbẹ̀, ìbúwọ́lùwé lábẹ́ ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nínú 11 yẹn náà, Circuit City, tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kéde lọ́dún 2008 pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà gba àkóso Fannie Mae, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí owó tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi ra ilé. Èyí ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀gbẹ́ni wa tó dé. Kò sọ ọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ owó gidi ló gbà. Ìwé náà ní ìwúlò tiẹ̀ fún ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ odindi. Ìwọ ò tíì débẹ̀.

Nígbà tí ìwé ò mú iṣẹ́ yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèyàn kún wa. Márùn-ún la jẹ́, a di mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tuntun yẹn gbọ́n, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ ta ni yóò fi iṣẹ́ hàn wọ́n? Àwa kan náà tí iṣẹ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa ni. Ìpàdé di púpọ̀, ohun tí ẹnì kan tún ṣe láàárọ̀ ni ẹlòmíràn ń bà jẹ́ lọ́sàn-án láìmọ̀. Àǹtí kan ní ẹ̀ka àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ló ń wò wá. Ó gbé ìwé gbígbó kan sórí tábìlì mi, ó ní, “Ka orí kejì, kí o dá ìwé mi padà.”

The Mythical Man-Month ni. Frederick Brooks, ẹni tó darí àwọn tó ṣe OS/360, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé-iṣẹ́ IBM, ló kọ ọ́ lọ́dún 1975. Ọ̀rọ̀ tó wà ní orí kejì yẹn ò pọ̀: tí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, fífi èèyàn kún un á tún mú kó pẹ́ sí i. Òun fúnra ẹ̀ gbà pé òun gé ọ̀rọ̀ náà kúrú jù, àmọ́ ó ní oṣù mẹ́sàn-án ni oyún ń lò, iye obìnrin yòówù kí wọ́n yàn sí i. Mo mú bébà, mo ṣírò ẹni méjì-méjì tó lè ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ sọ. Láàárín ẹni márùn-ún, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló wà. Láàárín ẹni mẹ́wàá, 45! Èèyàn di ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ kárí di ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo gbé bébà yẹn lọ bá ọ̀gá. Kò bèèrè ìwé, nọ́ńbà ló wò. Wọ́n yà àwọn tuntun sọ́tọ̀ sídìí ohun tiwọn, wọ́n dín ohun tí wọ́n ṣèlérí kù, iṣẹ́ parí.

Àǹtí yẹn ò sọ pé ìwé náà tún ayé òun ṣe o. Orí tó kan ìṣòro mi ló tọ́ka sí. Torí náà, padà lọ bá àwọn tó dárúkọ ìwé fún ẹ. Bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́ nítorí ìwé yẹn. Ẹni tó bá ń wo òkè, gbé tiẹ̀ sẹ́yìn ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ ìwé kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ pé àwọn náà ń kàwé. (Tí ọ̀gá rẹ bá wà nínú wọn, ka tiẹ̀ díẹ̀, má wulẹ̀ fa wàhálà.)

The Checklist Manifesto tó wà láàárín mẹ́sàn-án yẹn, tí Atul Gawande, oníṣẹ́ abẹ, kọ lọ́dún 2009, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ohun tó ń sọ ò ga: ẹ kọ ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé sílẹ̀, kí ẹ jọ kà á sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe irú ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, nǹkan 19 ló wà lórí ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ tí wọ́n ti dán an wò, àwọn tó ń kú já láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí gbogbo àwọn tó wà ní yàrá sọ orúkọ àti iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó la ara aláìsàn. Mo mú ìyẹn lò nígbà tí a bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ó sì mú kí àwọn ọmọ tuntun lè la ẹnu sọ pé “ẹ dúró ná.” Àmọ́ lọ́dún 2014, ìwádìí jáde láti Ontario ní Kánádà, ilé ìwòsàn 101, níbi tí ìjọba ti rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lo irú àkọsílẹ̀ yìí. Ikú ò dín kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn nípa ìdí ẹ̀. Èmi tí wọ́n ti fi máàkì fipá kọ́ ní ìwé, mo ní èrò tèmi.

Thinking, Fast and Slow tí Daniel Kahneman kọ lọ́dún 2011, kà á, pàápàá ibi tó ti sọ nípa òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí ọdún méjì, ọdún mẹ́jọ ló gbà. Má kàn gbé orí tó dá lórí priming, ìyẹn bí ohun kékeré téèyàn rí tàbí gbọ́ ṣe lè darí ìwà rẹ̀ láìmọ̀, lọ sípàdé. Lọ́dún 2017, Kahneman fúnra ẹ̀ gbà pé òun gbára lé àwọn ìwádìí kéékèèké jù níbẹ̀.

Fún ti ìgbésí ayé, Man's Search for Meaning ni kó o mú. Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ tó la àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì já, ló kọ ọ́, lọ́dún 1946. Ṣọ́ra fún àwọn tó ń fà á yọ lẹ́nu iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè máa fara da ohun tí kò yẹ. Frankl kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ìyà tó ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kéèyàn mú ohun tó fà á kúrò ló tọ́, pé ẹni tó bá ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe akọni. Ká ní mo ti ka ibẹ̀ nígbà tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń rẹ́rìn-ín ni!

Èwo lo tiẹ̀ ní kí n mú? Brooks, orí kejì, lálẹ́ òní. O ò sọ iye èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ. Tí wọ́n bá ti ju mẹ́jọ lọ, tàbí tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn fẹ́ fi èèyàn kún un, kọ ọ́ síbí kí o tó ra ìkankan nínú ìyókù.