Fínfín ara Maui: kí ló dé tí aṣọ eré ọmọdé fi dá ìbínú sílẹ̀?

Ìbéèrè tí ẹnìkan bi mí nìyí: nígbà tí Moana, fíìmù nípa àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, fẹ́ jáde ní 2016, ilé iṣẹ́ Disney tó ṣe é kó aṣọ eré tí wọ́n fi ṣàfarawé ara Maui, akọni inú àlọ́ ibẹ̀, kúrò lórí àtẹ nítorí pé inú bí àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì. Ṣé fínfín ara wọn ní ìtumọ̀ ni?

Ó ní. Ẹ jẹ́ ká mú ti Samoa, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù náà, níbi tí àṣà náà kò ti já rí. Tatau ni wọ́n ń pè é. Ti ọkùnrin, pe'a, bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí dé orókùn. Ti obìnrin, malu, kò ki tó bẹ́ẹ̀, itan ló wà. Ohun èlò eléyín bí òòyà, tí wọ́n fi eyín ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, ni wọ́n ń fi igi lù wọ ara. Ọjọ́ púpọ̀ ló ń gbà, ẹbí á sì jókòó ti ẹni tí wọ́n ń fín. Ẹni tó bá sá lágbedeméjì kó ìtìjú bá ilé rẹ̀. Ẹni tó parí rẹ̀ ti fi hàn pé òun ṣe tán láti sin ẹbí àti àwọn olóyè. Àwa náà ń sọ pé tìrora-tìrora là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge. Tiwọn kọjá oge.

Ìtàn bó ṣe dé ló dùn mọ́ mi jù, torí ìbejì ló gbé e wá. Taema àti Tilafaiga, obìnrin méjì tí ara wọn lẹ̀ pọ̀, lúwẹ̀ẹ́ láti Fiji, wọ́n ń kọrin bọ̀: "Obìnrin ni kí ẹ fín, ẹ má fín ọkùnrin." Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n rí ìkarahun ńlá kan nísàlẹ̀ òkun, wọ́n sì rì wọmi lọ mú un. Bí wọ́n ṣe yọrí, orin ti yí mọ́ wọn lẹ́nu: "Ọkùnrin ni kí ẹ fín, ẹ má fín obìnrin." (Ẹ ò rí i pé ọkùnrin ló fi ara gbá a!)

Ẹ wá wo aṣọ ọ̀hún: ó ní àwọ̀ ara ènìyàn, ó bo apá àti ẹsẹ̀, wọ́n ya fínfín sí i, ọmọdé á sì kó sínú rẹ̀. Awọ ara àwọn ni àwọn ará Pàsífíìkì rí lórí igbá. Bí wọ́n bá ń ta ìbòjú alábàjà fọ́mọ aláwọ̀ funfun ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni inú rẹ̀ á dùn?

N kò ní kí ẹ má wo fíìmù náà o. Opetaia Foa'i, tí wọ́n bí ní Samoa, wà lára àwọn tó kọ orin rẹ̀, wọ́n sì ṣe é lédè Māori ní 2017. Àmọ́ Disney po gbogbo erékùṣù pọ̀ sínú ìkòkò kan. Maui inú àlọ́ àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àbíkẹ́yìn, ọ̀dọ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ bí Ìjàpá; Disney sọ ọ́ di òmìrán. Hina, òrìṣà obìnrin tí a kì í wá tì nínú ìtàn rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Àwọn ìbejì yẹn náà kò sí níbẹ̀.