Lẹ́búlẹ́bú "RNA" fún oyin: ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Inú oko kajú létí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń sin oyin. Àwọn kan nínú wọn ń jáde pẹ̀lú ìyẹ́ kíkákò. Ọkùnrin kan ń ta lẹ́búlẹ́bú kan, ó ní RNA ni, pé ó ń pa gbogbo fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa fún wọn lóṣù?

Ìdáhùn: Ẹ má fún wọn rárá. Ẹnì kẹrin rèé tó ń bi mí léèrè lẹ́búlẹ́bú yìí látìgbà tí kajú ti yọ òdòdó.

"Gbogbo fáírọ́ọ̀sì" yẹn gan-an ni irọ́ ti já. RNA ni èròjà tó ń gbé ìròyìn àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì àti nínú ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì; èyí tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe májèlé. Àwòrán olè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì àdúgbò ló jọ. Sẹ́ẹ̀lì oyin á gé RNA olókùn méjì náà wẹ́wẹ́, á fi wẹ́wẹ́ yẹn dá fáírọ́ọ̀sì tó bá a mu mọ̀, á sì gé òun náà. Olè tí àwòrán rẹ̀ kò sí níbẹ̀ á kàn wọlé ni. Andrew Fire àti Craig Mello ló tú àṣírí ọgbọ́n yìí lára aràn ní 1998. Ó fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn dán an wò nínú ilé oyin ní Florida àti Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n dojú kọ, èyí tó ń fa rọpárọsẹ̀ fún oyin. Omi ṣúgà ni wọ́n pò ó mọ́ lóòótọ́. Bóyá ibẹ̀ ni ontàjà yín ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ìyẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ló gbé wá, kò mọ olè tó wà nílé yín. Àwọn olùwádìí ní Texas dojú kọ ti ìyẹ́ ní 2020, bakitéríà inú ìfun oyin ni wọ́n sì sọ di ẹni tó ń pèsè RNA náà. Yàrá ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ọjà.

Èyí tí ẹnì kan gbé wá bá mi, nígbà tí a bó bébà ara rẹ̀, àwòrán adìẹ ló wà lábẹ́: Tetracycline, oògùn tó ń pa bakitéríà, tí wọ́n ń fún adìẹ. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà rere inú ìfun oyin ló ń pa, ó sì lè ṣẹ́ kù sínú oyin tí ẹ fẹ́ tà. N ò sọ pé tiyín náà nìyẹn o, n ò rí i.

Eégbọn Varroa, kòkòrò kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara oyin, ló sábà máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì ìyẹ́ kiri. Oyin ilẹ̀ wa máa ń fara dà á ju ti òyìnbó lọ, síbẹ̀ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọ aṣọ yín, ẹ bu oyin bí àbọ̀ kọ́ọ̀pù (nǹkan bí 300) láti ara afárá ọmọ. Ẹ ṣọ́ra kí ayaba má bá wọn lọ! Ẹ dà wọ́n sínú ike tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ́n ṣúgà lẹ́búlẹ́bú àwọn oníkéèkì lé wọn, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sórí àwo funfun. Àwọn pupa rúsúrúsú tó bá já bọ́, eégbọn ni. Ẹ dá oyin padà, wọn ò ní kú. Ẹ ka eégbọn náà, kí ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.