Pẹ́pítáìdì tí yóò ya pùròtéènì méjì: ibo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kàwé gboyè kejì nínú báyókẹ́mísírì n'Ífẹ̀ níbí. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi ní kí n ṣe pẹ́pítáìdì tí kò ní jẹ́ kí MDM2 rí p53 dì mú mọ́, nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nìkan ni mo ní. Mo ti to oríṣiríṣi sílẹ̀, ẹ̀rọ sì fún kálukú ní máàkì bó ṣe lè di MDM2 mú tó, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí ǹ bá mú. Ṣé ó sì lè di oògùn oníhóró tí èèyàn á máa gbé mì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé máàkì yẹn tì ná. Kò sí pẹ́pítáìdì tí ẹ̀rọ kì í rí máàkì fún.

Nítorí àwọn òǹkàwé yòókù: p53 ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ dúró kó má baà máa pín. MDM2 ló ń dì í mú, tó sì ń fà á fún sẹ́ẹ̀lì kí ó run ún. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, MDM2 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ́pítáìdì jẹ́ amínò ásíìdì mélòó kan tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. A fẹ́ kó gba ibi tí p53 ń wọ̀ lára MDM2.

Má hùmọ̀ tìrẹ látòkèdélẹ̀. Ara p53 gan-an ni kí o ti gé e. Lọ sí Protein Data Bank, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán pùròtéènì jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí o wá àwòrán tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1YCR. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti tẹ iṣẹ́ náà jáde. Wàá rí ègé p53 tó lọ́ mọ́ra nínú kòtò MDM2, àti amínò ásíìdì mẹ́ta tó wọ inú kòtò náà jù: phenylalanine 19, tryptophan 23 àti leucine 26. Fi alanine, amínò ásíìdì kékeré kan, rọ́pò àwọn amínò ásíìdì ègé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìdìmú bá ti dẹ̀ gan-an, dá a padà, má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn yòókù lo lè pààrọ̀.

Wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò lo oògùn tí mólékù rẹ̀ kéré. Ojú ibi tí pùròtéènì méjì ti ń pàdé sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń tẹ́jú, oògùn kékeré kì í rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n ti MDM2 yàtọ̀, kòtò wà níbẹ̀. Lọ́dún 2004 ni wọ́n ti ròyìn àwọn nutlin, oògùn kéékèèké tó ń wọ kòtò náà. Mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bi ọ́.

Ní ti gbígbé mì, rárá o. Ẹ́ńsáìmù inú ikùn á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Enfuvirtide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2003, amínò ásíìdì 36 tí wọ́n gé lára gp41, pùròtéènì kan ti kòkòrò HIV fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìta sẹ́ẹ̀lì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ni tìrẹ ní láti wọ̀, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn. Semaglutide oníhóró wà lóòótọ́ láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n ohun tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Cyclosporine ṣeé gbé mì ní tirẹ̀, nítorí wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, ọ̀pọ̀ amínò ásíìdì rẹ̀ kò sì rí bí àwọn tí ẹ́ńsáìmù mọ̀. O lè so amínò ásíìdì méjì pọ̀ lára tìrẹ náà kó má baà tú, tàbí kí o lo D-amínò ásíìdì, èyí tó dà bí òjìji amínò ásíìdì wa nínú dígí. Ṣùgbọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀, torí D a máa ba lílọ́ rẹ̀ jẹ́.

Mú mẹ́ta péré, kí o fi GROMACS, ètò kọ̀ǹpútà kan, wo bí wọ́n ṣe ń mira nínú omi, bí iná bá gbà fún ọ. Fi ẹ̀kẹrin kún un: amínò ásíìdì kan náà, ṣùgbọ́n tí o da ètò wọn rú. Bí èyí tí o dàrú yẹn bá dúró sínú kòtò bí àwọn yòókù, ìdánwò rẹ kò tíì mọ ìyàtọ̀ nìyẹn, má tíì kọ èsì kankan sílẹ̀.