Sí tíṣà tó fẹ́ kọ́ bráúsà tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àtijọ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ ní Windows XP ló wà lórí púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín ní Òmù-Àrán, Windows 7 wà lórí ìyókù, ojú òpó ò sì ṣí lórí wọn mọ́. Ẹ wá béèrè bóyá ẹ̀yin àti àbúrò yín tó wà ní Póòlì Ọ̀fà lè mú kóòdù Firefox àtijọ́, kí ẹ fi ṣe bráúsà tiyín, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú òpó. Ó ṣeé ṣe. Mo ti ṣe é fún ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, ní ọ̀nà Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ lè kọ́ ọ láàárín oṣù díẹ̀. Títọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹni méjì ò lè dá ṣe.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ kọ́kọ́ wo aago àwọn ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀ pé ẹ ò béèrè. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti kú, gbàrà tí iná bá lọ ni ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ á sá padà sí 2001 tàbí 2002. Sátífíkéètì tí ojú òpó fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, nítorí náà lójú ẹ̀rọ tó gbà pé 2002 la wà, kò sí èyí tó tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á máa kọ ọ́ pé ojú òpó náà kò ṣeé fọkàn tán. Mo ti rí ẹni tó fọ Windows kúrò pátápátá nítorí èyí. Ẹ ra bátìrì ní Táíwò Ìsàlẹ̀ tí ẹ bá wá sí Ìlọrin, ẹ fi sí i, ẹ tún ọjọ́ ṣe.

Tí ọjọ́ bá pé tó ṣì ń ké, sátífíkéètì àgbà tó wà nínú Windows, èyí tó ń jẹ́rìí àwọn yòókù, ló ti kú. Ní 30 oṣù kẹsàn-án 2021, èyí tó ń jẹ́ DST Root CA X3 parí, òun sì ni àwọn ojú òpó tó ń gba sátífíkéètì lọ́dọ̀ Let's Encrypt gbára lé lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Chrome 49, bráúsà Google tó kẹ́yìn fún XP ní 2016, inú Windows ló ti ń wo sátífíkéètì. Ìdílé Firefox ń gbé tirẹ̀ rìn, ìdí rèé tí kóòdù tí ẹ mú fi dára.

Nípa kíkọ́ rẹ̀: gbígba kóòdù àti fífi irinṣẹ́ sórí ẹ̀rọ, àbúrò yín á mọ ìyẹn, àlàyé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Mozilla, àwọn tó ń ṣe Firefox. Kó ṣáà má ṣe é lórí XP. Ibi tí ojú mi ti rí màbo ni ìgbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo ègé kóòdù bá fẹ́ di ọ̀kan. Inú fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ xul.dll ni Firefox máa ń kó ara rẹ̀ sí. Ẹ ti dúró láti ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ti kọjá lójú yín, ó ku ètò tí yóò so wọ́n pọ̀, òun ló wá máa gbé RAM, àyè ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, mì. Ètò 32-bit (irú ti àtijọ́, 64-bit ni ti tuntun) kò lè ní ju àyè 4 GB lọ, Windows 32-bit kì í sì í fún un ju 2 GB àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Á jẹ ẹ́ tán, á kú, á kọ àṣìṣe kan tí kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ní ìparí 2011, Mozilla fúnra wọn kọlu ògiri yìí, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ẹ wá wo èmi, tí iná ń lọ nígbà tó bá ku díẹ̀ kó so pọ̀, tí mo ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, tí ìsopọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà 64-bit tó ní RAM 16 GB ni kí ẹ wá, kí ìnvátà wà nídìí rẹ̀, òun ni kí ẹ fi kọ́ bráúsà 32-bit fún àwọn àgbà ẹ̀rọ yẹn.

Wàyí o, ẹ ti kọ́ ọ, ó ṣí, inú àwọn ọmọ dùn. Firefox tó kẹ́yìn fún XP ni 52 ESR (ESR ni ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́), ó dúró ní 2018. Láti ìgbà náà, Mozilla ò yé gbé Firefox tuntun jáde, ní báyìí ó ti di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á sì to àwọn ihò ààbò tí wọ́n dí sínú rẹ̀. Olè ń ka àkójọ yẹn bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó mú ihò kọ̀ọ̀kan, kó wò ó bóyá ó wà nínú kóòdù 52. Mozilla máa ń ti àlàyé ihò náà pa títí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi gba àtúnṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tó ń tọ́jú èyí tó ti pẹ́, àtúnṣe nìkan la máa ń rí, àwa la ó fi òye wá ohun tó fà á. Àtúnṣe ọ̀hún ò sì ní bá kóòdù wa mu. Láti Firefox 57, ní oṣù kọkànlá 2017, èdè kọ̀ǹpútà kan, Rust, ni wọ́n fi kọ apá tó ń ṣètò ìrísí ojú ewé. Èdè mìíràn, C++, ló wà lọ́dọ̀ wa. Èèyàn á ka kóòdù tí ẹlòmíràn fi èdè mìíràn kọ, á wá ibi tí èkejì rẹ̀ wà nínú ti àtijọ́, á tún un kọ, á tún xul.dll so. Mo máa ń wà nídìí rẹ̀ títí làdánì á fi pe ìrun àsùbáà, àkójọ tuntun á sì ti dé kí n tó parí ti ìṣáájú.

Àwọn tó ń ṣe ojú òpó náà ń kọ́? Ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ kan wà, n ò ní dárúkọ rẹ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ju àpótí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò lọ. Orúkọ tí bráúsà ń jẹ́ fún un ló ń wò. Tí kò bá ti mọ̀ ọ́n, ó ti lé èèyàn nìyẹn. Mo jẹ́ kí bráúsà wa máa jẹ́ orúkọ Firefox tuntun lójú òpó yẹn, fọ́ọ̀mù sì ṣí, ó lọ láìsí wàhálà. Nígbà tó yá, wọ́n tún un kọ, wọ́n kó JavaScript tó wúwo, kóòdù tí bráúsà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí kí ojú ewé tó hàn, bo gbogbo rẹ̀. Ojú ewé funfun la wá ń wò, ìforúkọsílẹ̀ ti fẹ́ parí, àwọn ọmọ tó wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìgbàjà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pè wọ́n. Ọkùnrin tó gbé e ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣírò owó, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mìíràn, kí ló wà nínú fọ́ọ̀mù orúkọ tí kò lè gbé? Ó ṣì ń bí mi nínú di òní. Àwọn tó ń pe ara wọn ní amòye ló kọ́ wọn lọ́rọ̀ yìí, "ẹ ra tuntun," bí ẹni pé ojú ọ̀nà la ti ń ṣa owó.

Ohun tí màá ṣe ní ipò yín ni pé kí n mú bráúsà tí àwọn kan ti ń tọ́jú, kí àbúrò yín sì lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Pale Moon ti wà láti 2009, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń lo ẹ́ńjìnnì tiwọn (apá tó ń ya ojú ewé), Goanna, tí wọ́n yà kúrò lára Gecko ti Firefox. Windows 7 sókè ni ti wọn. Fún XP, ẹnì kan ń kọ́ ẹ̀dà kóòdù yẹn lábẹ́ orúkọ New Moon. K-Meleon, tó ti wà láti 2000, fúyẹ́. Mypal 68 gbé kóòdù Firefox 68 padà wá sórí XP. Supermium, ti ìdílé Chromium, kóòdù tí Chrome ti jáde, ló ń ṣí ojú òpó tuntun jù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ RAM. Ẹ wo CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, kí ẹ tó gba èyíkéyìí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ SSE2, àwọn àṣẹ kan tí CPU gbọ́dọ̀ mọ̀, Pentium III ò ní in, Pentium 4 ní in. Tí ẹ bá ń rò pé ẹ lè dá a ṣe, ẹ wo Cameron Kaiser, tó fi kóòdù Firefox bẹ̀rẹ̀ TenFourFox fún Mac àtijọ́ tó ń lo CPU PowerPC ní 2010. Onímọ̀ gidi ni, àwọn èèyàn ràn án lọ́wọ́, síbẹ̀ ó dá ìtẹ̀jáde rẹ̀ dúró ní 2021.

Ọwọ́ àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á o. Ẹ má gbà á láti inú flash ẹnikẹ́ni. Ní 2019, Pale Moon fúnra wọn kéde pé àwọn kan ti wọ ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àtijọ́ sí, wọ́n sì ti fi kòkòrò sínú àwọn fáìlì ibẹ̀. Kí àbúrò yín máa ṣírò SHA-256, nọ́ńbà tó dà bí àmì ìka fáìlì, kó fi wé èyí tí àwọn tó ṣe é kọ síta. Bráúsà yòówù kó wà lórí XP, ẹ má fi wọ báńkì: àtúnṣe ààbò fún Windows tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti dúró láti 8 oṣù kẹrin 2014.

Fún Windows 7, Firefox 115 ESR. Ó yẹ kó parí ní oṣù kẹsàn-án 2024, ṣùgbọ́n Mozilla ti sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kó jẹ́ 115.13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí sátífíkéètì kan nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ parí ní 14 oṣù kẹta 2025. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kàn fi Linux sí i dípò Windows, ẹ bi í bóyá ó ti wo CPU. Tó bá jẹ́ 64-bit, ó dáa. Tó bá jẹ́ 32-bit, Firefox 144 ló kẹ́yìn fún un, Debian 13 ti 2025, ọ̀kan nínú àwọn Linux, ò sì ṣeé fi sórí rẹ̀ tuntun mọ́.

Tí àbúrò yín bá ṣì fẹ́ kọ́ tirẹ̀, MPL, ìwé àṣẹ tí Mozilla fi sórí kóòdù wọn, gbà á láyè. Tó bá pín in fún ẹlòmíràn, kó fi kóòdù tó yí padà síta, kó má sì pè é ní Firefox. Debian pàápàá ní láti máa pe tiwọn ní Iceweasel láti 2006 di 2016. Ẹ kọ orúkọ CPU àti iye RAM ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síbí, màá sọ èyí tó bá a mu níkọ̀ọ̀kan.