Èémí ni kó ṣáájú, kí ọwọ́ tẹ̀ lé e

Ẹ ní bí ẹ bá ń gbé ọwọ́ sókè tẹ̀ lé èémí, kó tó tó ìṣẹ́jú 3, òòyì á ti máa kọ́ yín, ọkàn tí ẹ fẹ́ kó rọlẹ̀ á wá máa lù kìkì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ọwọ́ ló ń darí èémí. Ọwọ́ ti débi tó ń lọ, èémí ṣì wà ní ìdajì, lèèyàn bá fipá fa ìyókù kó lè bá a.

Afẹ́fẹ́ ò tó yín kọ́ o. Tá a bá ń mí ju bí ara ṣe nílò lọ, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tá a máa ń mí síta, á lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á sì fún. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fúyẹ́, tó sì ń dà bíi pé èèrà ń rìn ní ìka ọwọ́ àti ètè. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa mí bó ṣe wá. Ẹ má mí kanlẹ̀ láti fi wò ó, ńṣe ló máa le sí i.

Ẹ jókòó sórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ òsì wà lórí ìhà. Ẹ mí nígbà 5 láìmira. Lẹ́yìn náà, ìgbà tí ìhà bá ti ń fẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì ni kí ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Kó má kọjá èjìká. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, èjìká á gbé sókè, iṣan ọrùn á sì gba iṣẹ́ mímí ṣe. Kí ọwọ́ dúró díẹ̀ kí èémí tó parí. Bí èémí bá tán kí ọwọ́ tó dé, ẹ dín ibi tí ọwọ́ ń dé kù. Ẹ má fa èémí gùn nítorí ọwọ́ láé.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí ní nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ṣàdédé fò sórí kíkà 4 fún mímí sínú àti 6 fún mímí síta, tí kíkà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ti já a sí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ipá sì nìyẹn. Ẹ fi 3 àti 4 bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, torí ìgbà yẹn ni lílù ọkàn máa ń falẹ̀.

Ìmira tó bá ṣí àyà bá mímí sínú mu. Títẹ̀ síwájú àti yíyí ìbàdí bá mímí síta mu, torí ikùn tó ti ká kò fún ẹ̀dọ̀fóró láyè láti fẹ̀ sísàlẹ̀.

Ibi tí èémí ti ń yí padà lọkàn ti máa ń sá lọ. Ọwọ́ á ṣì máa lọ sókè sódò, ẹ̀yin á ti máa ronú iṣẹ́. Ẹ má bá ara yín jà; ẹ mú èémí tó kàn. Tó bá ń sá jù, ẹ pààrọ̀ ọwọ́.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó lóyún kò gbọ́dọ̀ sé èémí mọ́nú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìrìn ṣe é, ìṣísẹ̀ 3 fún mímí sínú, 4 fún mímí síta. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, 2 àti 3 ti tó.