Kí wọ́n mú ẹní wá

Àbúrò mi, o ní nǹkan bí ogún ìyá ló jáde lọ́jọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ yín, pé nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rin péré ló kù, o sì ń bi wá bóyá irin gbígbé ló yẹ kó o rà. Má ra irin kankan. Owó yẹn á wọgbó ni. Ohun tó lé tìẹ lọ ló lé tèmi náà lọ níbí ní Òṣogbo, ojú sì tì mí gan-an kí n tó gbọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní jíìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀: kí n máa ka iye, kí n máa pariwo "ó ku márùn-ún!" Láàárọ̀ Sátidé kan, ní Freedom Park tó wà ní Old Garage, mo ní kí gbogbo wọn máa lóṣòó kí wọ́n máa dìde, nígbà ogún. Ìyá elélùbọ́ kan láti Ọjà Ọba wà níwájú. Iye ló wà lẹ́nu mi, ojú mi ò sí lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ti kà á dé mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo gbọ́ "yéè!" Orókún ọ̀tún. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi dé ìsọ̀.

Nígbà tí mo tún lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti padà sọ́jà, wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré. Oníbàárà dé. Mo wo bí wọ́n ṣe dìde: wọ́n kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara, wọ́n fi ọwọ́ kan lé itan, wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ wo inú igbá elùbọ́, wọ́n mí síta "hùn-ùn", wọ́n ti dúró. Wọ́n ṣe é bí ìgbà mẹ́rin kí n tó kúrò níbẹ̀, orókún ò dùn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń kà á fún wọn. Ara wọn mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fi ariwo dà á rú.

Látìgbà náà, orí ilẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀: jókòó sílẹ̀, dìde. Dókítà kan ní Brazil, Claudio Gil Araújo, máa ń fi í dán èèyàn wò: máàkì 5 fún jíjókòó, 5 fún dídìde, wọ́n á yọ ẹyọ kan fún ọwọ́ tàbí orókún tó o bá fi tì í, ìdajì tó o bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2012 lórí èèyàn 2,002 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 80, àwọn tí máàkì wọn kéré ló tètè ń kú jù. (Èmi kì í sọ apá ikú yẹn fún àwọn ìyá o. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ láàárọ̀?)

Bàtà kọ́kọ́ máa ń kúrò lẹ́sẹ̀. N kì í sọ pé "ẹ nà ẹ̀yìn yín" mọ́, torí wọ́n á kàn le gbagidi bí igi ni. Mo máa ń béèrè ni: "Ìyá, ibo ló wúwo jù lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, gìgísẹ̀ ni àbí ọmọ ìka?" Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá a. Wíwá tí wọ́n ń wá a yẹn gan-an ni iṣẹ́. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nílẹ̀, ká ìró sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá sé èémí nígbà tó ń fi agbára dìde, ìfúnpá á lọ sókè. Má wulẹ̀ ṣàlàyé títí. Ní kí wọ́n máa kọrin. Ẹni tí orin bá dá lẹ́nu rẹ̀ ti sé èémí nìyẹn, kí ó sinmi.

Kí èèyàn máa fi ohun tí ara ń ṣe lójoojúmọ́ ṣe eré ìdárayá ti pẹ́. Georges Hébert, ọ̀gá ológun ojú omi Faransé, ti ń fi rírìn, sísáré, fífò, rírákò, gígun nǹkan, gbígbé ẹrù, wíwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ogun kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́wàá ni tirẹ̀. Mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀, kí ni ìyá ẹni ọdún 62 ń gun ògiri fún? Kí wọ́n rákò lórí ẹní, kí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n fi ọwọ́ kan gbé ìdajì garawa omi dé géètì kí wọ́n fi ọwọ́ kejì gbé e padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kí àgbàlagbà sì fi èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn dúró ṣinṣin láìṣubú kún un, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta. Má kó o jọ sí Sátidé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ sọ́jà, òmíràn tí wọ́n bá dé. Wọ́n ṣáà ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lárààárọ̀: kí wọ́n rọra kúnlẹ̀, orókún kan kí èkejì tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì rọra dìde.

Ẹni tí orókún rẹ̀ bá wú tàbí tó ń gbóná, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Àwọn yòókù tí wọn ò wá mọ́, lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Má dárúkọ eré ìdárayá rárá. Ní kí wọ́n mú ẹní wá.