Odindi Háàmù Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Pín In Kí Owó Yín Má Bàá Ṣòfò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kíyè sí i pé odindi háàmù, ìyẹn itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú, tó ṣì ní eegun nínú kì í wọ́n tó èyí tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ sínú ike. Àmọ́ àwa mẹ́rin péré la wà nílé. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tàbí kó sú àwọn ọmọ. Báwo ni mo ṣe lè máa fi se oúnjẹ ilé tí màá fi jèrè rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọjọ́ tí ẹ bá gé e lẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ máa jèrè. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lódindi kí kálukú máa gé tirẹ̀, á tán kíákíá, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á gbẹ. Ẹ pín in tán pátá lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì máa lo díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi adùn sí ìkòkò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣé wọ́n ti sè é ni àbí tútù ni? Ẹ má wo àwọ̀ o: iyọ̀ nitrite tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ló jẹ́ kó pọ́n, ó sì máa pọ́n bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tó bá jinná. Èyí tó jẹ́ tútù gbọ́dọ̀ gbóná dé 63°C láàárín, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó gé e. Èyí tí wọ́n ti sè ṣeé jẹ láìgbé e kaná. Bí ẹ bá fẹ́ mú un gbóná, 60°C ti tó fún èyí tó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ dì í sí. Èyí tí wọ́n tún dì níbòmíì, tàbí tó ṣẹ́ kù láti àná, ẹ jẹ́ kó dé 74°C. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n fi omi kún un, torí omi náà wà lára kílò tí ẹ ń sanwó fún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní háàmù náà wọn kílò 7, tí ẹran tó kù lẹ́yìn tí ẹ yọ eegun àti awọ sì jẹ́ kílò 5, kílò 5 ni kí ẹ fi pín owó tí ẹ san. Iye tó bá jáde ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kílò kan èyí tí wọ́n ti gé. Bó bá ṣì dín sí i, ẹ rà á. Eegun àti ọ̀rá rẹ̀ di èènì.

Ẹ jẹ́ kó sùn nínú fíríìjì kí ẹ tó gé e, nítorí èyí tó gbóná máa ń fọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gé bíi pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta kúrò níbi tí ẹran kò ti pọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè tẹ́jú. Ẹ wá yí i padà kó jókòó lórí ibi tí ẹ gé yẹn, kò ní máa yí mọ́. Láti apá ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gé e wálẹ̀ títí ọ̀bẹ á fi kan eegun, pẹlẹbẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tọ ẹ̀gbẹ́ eegun lọ, gbogbo wọn á já lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá ìbàdí, eegun ibẹ̀ wọ́, pẹlẹbẹ kì í jáde dáadáa. Ẹ má bá a jà. Ẹ bó ẹran ibẹ̀ ní ègé ńlá, kí ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 1. Ìyẹn gan-an ló wúlò jù fún ìkòkò.

Àwọn pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà fún búrẹ́dì; ẹ mú díẹ̀ nípọn dé sẹ̀ntímítà 1 fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ bí ẹran. Ẹ kó àwọn èérún jọ. Ọ̀rá lọ́tọ̀, eegun lọ́tọ̀.

Háàmù tí a ti gé kì í pẹ́ ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ nínú fíríìjì. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀; kí ìyókù wọ fírísà lọ́jọ́ náà gan-an. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù: wọ́n á dúró dìgbà tó bá fẹ́ bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e sí fírísà. Fírísà kì í wo ẹran sàn, bó ṣe bá a ló ṣe máa dá a padà. Ẹ wọn gíráàmù 200 sínú náílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ gbìyànjú láti lò ó tán láàárín oṣù 1 sí 2. Ní −18°C kò ní di májèlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń mú kí ọ̀rá rẹ̀ tètè bàjẹ́, á wá máa rùn bí òróró tó ti pẹ́. Inú fíríìjì ni kó ti yọ́ di ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì.

Gíráàmù 200 yẹn tó ìkòkò kan fún ẹ̀yin mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá háàmù sínú ìkòkò lórí iná kékeré títí á fi yọ́, ẹ din àlùbọ́sà nínú rẹ̀, ẹ da ìrẹsì àti omi sí i. Nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú 5 kó jinná ni kí ẹ tó da háàmù sí i. Ó ti jinná tẹ́lẹ̀, bó bá pẹ́ lórí iná á le. Ẹ má fi iyọ̀ sí i títí ẹ ó fi tọ́ ọ wò, ẹ sì gbàgbé èròjà amọ́bẹ̀dùn lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni fún ẹyin: gíráàmù 100 èérún fún ẹyin 6, láìsí iyọ̀. Ní ti pẹlẹbẹ tó nípọn, ẹ din ín fún ìṣẹ́jú 2 lójú kan, ìṣẹ́jú 2 lójú kejì, ó ti tó.

Kó má bàá sú àwọn ọmọ, ẹ má sè é lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ìdí mìíràn tún wà, èyí tó ká mi lára jù: iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka irú ẹran báyìí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n kékeré, ni màá gbà yín níyànjú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná.

Ó wá ku eegun. Ẹ ní kí alápatà fi ayùn gé e sí méjì, kó lè wọ ìkòkò. Ẹ rẹ gíráàmù 500 ẹ̀wà di ọjọ́ kejì, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi eegun, àlùbọ́sà kan àti omi tútù lítà 3 sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ni, ẹ jẹ́ kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dín iná kù, nítorí oró wà nínú rẹ̀ tí iná kékeré kò lè pa. Wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ló sábà máa ń gbà. Ẹ yọ eegun, ẹ bó ẹran ara rẹ̀ padà sínú ẹ̀wà. Bí háàmù yín bá jẹ́ oníyọ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ bọ eegun náà fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù. Ẹ̀wà tí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní àtúnṣe tó dáa.

Tó bá jẹ́ omi ẹran nìkan lẹ fẹ́, wákàtí 2 sí 3 lórí iná kékeré. Ẹ má gbé ìkòkò ńlá tó gbóná sí fíríìjì, torí àárín rẹ̀ kì í tètè tutù. Ẹ pín in sínú abọ́ tí kò jìn, kó sì wọlé kó tó pé wákàtí 2. Bó bá dì lọ́jọ́ kejì, ẹ má fòyà, eegun ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ré ọ̀rá orí rẹ̀, kí ẹ fi omi lásán là á kí ẹ tó fi se ìrẹsì.

Bí pẹlẹbẹ háàmù bá ń dán bí òṣùmàrè, kò tíì bàjẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣeré lára ẹran tí a gé. Èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń fà, tàbí tó ní òórùn kíkan ni kí ẹ dà nù. Ẹ má sè é ní àsètúnsè, torí oró tí àwọn kòkòrò àrùn kan bá fi sílẹ̀ nínú ẹran kì í bá iná lọ.